ÒDÒDÓ Ẹ̀GBẸ́ ÒGIRI: Ẹ ṢỌ́RA FÚN OLÓMI-ÒJÒ

Ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí dá lórí òdòdó tí à ń gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́.

Àwọn òyìnbó ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní wallflower, òdòdó ògiri, nítorí ó máa ń hù láàárín òkúta ògiri àtijọ́. Mọ̀lẹ́bí kábéèjì ni. Ilẹ̀ tó tutù ló ti ń ṣe dáadáa. Ooru Abẹ́òkúta kò bá a lára mu. Lọ́dọ̀ tiwa, olómi-òjò wà lára àwọn tí à ń gbìn síbẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ló ti wá. Ewé rẹ̀ gùn, ó tín-ín-rín, ó sì ń dán; òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Èso rẹ̀ a máa dúdú bó bá pọ́n. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, oje funfun á jáde.

Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó tètè ń dàgbà, ọ̀dá kì í pa á, ewúrẹ́ kì í sì í sáábà fẹnu kàn án. Ìdí tí ewúrẹ́ fi ń yà fún un ni kí a fi ọgbọ́n wò. Májèlé wà nínú rẹ̀, irú èyí tó ń da lílù ọkàn rú. Irú májèlé bẹ́ẹ̀ wà nínú wallflower pẹ̀lú. Ti olómi-òjò wà nínú ewé, èèpo àti oje, ṣùgbọ́n kóró inú èso ló burú jù. Ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kóró yìí ń sọ dèrò ilé ìwòsàn lọ́dọọdún.

Nítorí náà:

Èkíní, ẹ má gbìn ín sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ilé ẹran.

Èkejì, ẹ máa ṣa èso tó bá bọ́ sílẹ̀. Ọmọdé lè fi í ṣeré títí yóò fi kan ẹnu.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá gé ẹ̀ka rẹ̀, ẹ wa ihò kí ẹ sin ín. Ẹ má fi dáná oúnjẹ. Ẹ má dà á sí iwájú ẹran, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti wọ́n. Ẹran tí ebi ń pa lè jẹ ewé tó ti rọ mọ́ ewé mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ òdòdó tí kò léwu bẹ́ẹ̀, hibiscus àti ixora ń ṣe dáadáa nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọgbà yí wọn ká, nítorí ewúrẹ́ fẹ́ràn hibiscus.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹ ẹ́, èébì, inú rírun, òòyì àti àárẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Ẹ má dúró wo àmì wọ̀nyí. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, irú bí FMC tó wà ní Ìdí-Àbà, kí ẹ sì mú ẹ̀ka tàbí èso rẹ̀ dání kí dókítà lè mọ ohun tó jẹ. Bó bá jẹ́ ẹran ni, ẹ tètè kàn sí dókítà ẹranko, bí àwọn ti FUNAAB ní Aláàbàtà.

Kí ilé wa lẹ́wà, kí ọmọ inú rẹ̀ sì wà láàyè. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.