Bí A Ti Í Gbèrò Ọlidé ní Ilẹ̀ Wa Tí Ó Tóbi Yìí
Ọ̀rọ̀ tí òǹtajà báàgì kan ní Apọ́ngbọ̀n, Èkó, bá àwọn ará ilé ìkàwé abúlé sọ

Àwọn tí ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ sọ fún mi pé púpọ̀ nínú yín ni ó ń béèrè bí ènìyàn ṣe lè kó ẹbí rẹ̀ lọ wo ilẹ̀ Nàìjíríà ní àkókò ọlidé láìjẹ gbèsè. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Báàgì ni mo ń tà ní Apọ́ngbọ̀n, ní ibi tí afárá Èkó ti sọ̀ kalẹ̀ sí erékùṣù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta báàgì a máa gbọ́ ìròyìn ìrìn-àjò kí onírìn-àjò tó gbéra, a sì tún máa gbọ́ bí ó ti rí nígbà tí ó bá gbé báàgì padà wá pé kí a bá òun tún síìpù rẹ̀ ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì nípa orúkọ àdúgbò wa, oyìnbó kan ni ó fún un láìmọ̀. William McCoskry ni orúkọ rẹ̀. Òun ni adelé gómìnà Èkó ní ọdún 1861, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìlú náà. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ni àwọn ará Èkó bá sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni bí ilẹ̀ yìí ti tóbi tó. Kìlómítà onígun mẹ́rin 923,768 ni. Ilẹ̀ Bìrìtéènì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Láti Èkó dé Kano jẹ́ bí 1,000 kìlómítà. Lára àwòrán ilẹ̀ tí a fi kọ́ ògiri, ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan ni. Nínú ọkọ̀, odindi ọjọ́ gbáko ni, bí ọ̀nà bá dára, ẹ̀yìn yóò sì máa ro tọmọdé tàgbà ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ọjọ́ ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi àwòrán ṣírò. Bí ọlidé yín bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ, ẹ yọ ọjọ́ àlọ, ẹ yọ ọjọ́ àbọ̀, ẹ sì yọ ọjọ́ kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí ó lè bàjẹ́ tàbí ọmọ tí ara rẹ̀ lè gbóná. Èyí tí ó bá kù ni ọlidé. Oníbàárà mi kan ra báàgì ńlá mẹ́rin, ó sì kọ orúkọ ìlú méje sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Nígbà tí ó dé, ó ní kò sí ilé epo ojú ọ̀nà tí òun kò mọ̀.

Kò yẹ kí n fi oníbàárà mi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí èmi pàápàá ti ṣe àṣìṣe tí ó ju tirẹ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí ìyá mi sí, wọn kò sì kọjá Abẹ́òkúta rí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ orúkọ erin nínú oríkì ìdílé wọn, ṣùgbọ́n wọn kò fojú kan erin rí. Ní ọdún 2019, mo kó èésú tí mo dá fún ọdún kan gbáko, mo sì kó ìyá mi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ lọ sí Yankari ní ilẹ̀ Bauchi, igbó ẹranko tí a ṣí fún àlejò ní ọdún 1962, níbi tí erin ṣì pọ̀ sí jù ní ilẹ̀ wa. Oṣù Kẹjọ ni a lọ, nítorí ìgbà náà ni àwọn ọmọ wà nílé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọdẹ ti mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Oṣù Kẹjọ gan-an ni òjò ilẹ̀ Òkè Ọya ń rọ̀ jù. Koríko ti ga, omi wà káàkiri inú igbó, kò sì sí ohun tí ó lè fa erin wá sí etí odò. Ọjọ́ méjì ni a fi wá a kiri. Ọ̀bọ ni a rí, ọ̀bọ sì jí búrẹ́dì wa gbé. Ìyá mi wẹ̀ nínú ìsun Wikki, tí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru láìsí ẹni tí ó dáná sí i. Wọ́n ní omi náà dára púpọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe omi ni wọ́n bá wá. Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ mí. Bí mo bá ti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ kan ṣoṣo tí ń ná ọ̀nà Bauchi, ìbá ti sọ fún mi.

Nítorí èyí, kí ẹ tó yan ibi tí ẹ óò lọ, ẹ kọ́kọ́ wo oṣù tí ọwọ́ yín yóò dilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta, ẹ lè kọrí sí Òkè Ọya, nítorí omi ti gbẹ nínú igbó, ẹranko a sì máa wá mu omi ní odò Gaji. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ wà nígbà náà: ẹ mú aṣọ òtútù lọ sí Jos, kí ẹ má sì bínú bí kùrukùru bá dá ọkọ̀ òfurufú dúró. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ, ẹ dúró ní ilẹ̀ Yorùbá. Òjò a máa dá díẹ̀ ní ìhà gúúsù nígbà náà, ìgbà náà sì ni ọdún Ọ̀ṣun ń lọ ní Òṣogbo, ní igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní ọdún 2005. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí a ṣí ní ọdún 2021 láti Alágoméjì ní Èkó dé Ìbàdàn, kí ẹ ti ibẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo. Kò jìnnà sí ibẹ̀ tí ẹ óò fi dé Èrìn Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta, àti Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Òkè Ìdànrè ni kí ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, òjò sì ń mú un yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ewu kò ṣeé fi pamọ́. Láti bí ọdún mélòó kan ni àwọn ajínigbé ti ń dá àwọn ọ̀nà kan. Ẹ má rìn lóru. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó gba ọ̀nà náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kì í ṣe ti ọdún tó kọjá, nítorí ọ̀nà tí ó ṣí lánàá lè tì lónìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, iná jó lábẹ́ afárá tí ó wà lẹ́bàá ìsọ̀ wa ní Apọ́ngbọ̀n, ó sì ba afárá náà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi tì í. Ẹ mú oògùn ibà àti àwọ̀n ẹ̀fọn dání. Ìyẹn kò gba àlàyé.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, èmi àti ìyá mi nìkan ni a padà sí Yankari. Ọkọ̀ òfurufú gbé wa dé Abuja, a sì fi ọ̀sán rin ìyókù. Ní ọjọ́ kejì, erin mọ́kànlá sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí odò, tìyá tọmọ. Ìyá mi kò pariwo. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ki oríkì ìdílé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí àwọn erin náà fi padà wọ igbó. Nígbà tí oṣù kejì sí i ń parí lọ, àrùn kòrónà mú kí ìjọba ti Èkó pa, ìyá mi kò sì tún rìnrìn-àjò mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ báàgì. Fún ìrìn-àjò kejì yẹn, báàgì kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì gbé, ó sì tó wa. Bí ẹ bá wá sí Apọ́ngbọ̀n, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi yóò kọ́kọ́ fi èyí tí ó tóbi jù hàn yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé èyí kékeré wá.