Àdúrà Lórí Pápá: Ọmọ Ta Ni Ó Dákẹ́ Láàárín Agbo?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Ìṣẹ̀ṣe sọ ní Ajégúnlẹ̀



    

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àdúrà níbi eré bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ wa. Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé nǹkan tó ń pọ́n ará ìlú lójú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kan ọmọ kì í kéré lójú òbí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú mi.

Ọmọ àbúrò mi kan wà, ọmọ ọdún 14 ni. Ẹ̀yìn lápá òsì ló máa ń gbá. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti ṣe ọ̀sẹ̀ Ifá tán, ó wá jókòó tì mí. Ó ní kí fèrè tó dún ní pápá àwọn, gbogbo àwọn a máa kóra jọ yípo, àwọn a di ara àwọn léjìká mú, akọ́nimọ̀ọ́gbá a sì gbàdúrà. Ó ní òun máa ń bá wọn dúró, òun máa ń tẹrí ba, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe àmín. Ní ọjọ́ tí ẹnì kan ṣàkíyèsí èyí, tó sì rí ìde lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ti pàdánù eré méjì tẹ̀léra. Ọmọ kan ní òun ló fà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ aboògùn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹni tí kò bá lè bá ẹgbẹ́ gbàdúrà kò lè bá ẹgbẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Orí bẹ́ǹṣì ló wà nígbà tí wọ́n gbá eré tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ náà wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá dákẹ́, ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n? Bí mo bá sì ṣe àmín, ṣé mo ṣẹ̀ yín?"

N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èsì ìbéèrè yẹn ni mo wá wá pẹ̀lú yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí ibi tí a wà. Orúkọ ìlú yìí ni pé ajé gúnlẹ̀. Èbúté Apápá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, iṣẹ́ èbúté náà ló sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wá síbí: Yorùbá, Ìgbò, Íjọ̀, Ùróbò, Hausa, Ìlàjẹ, Ẹ̀gùn. Kò sí ẹ̀yà tí kò ní ọmọ ní àdúgbò wa. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kì í ṣe èdè kan, kì í ṣe ẹ̀sìn kan. Bọ́ọ̀lù ni. A fi orúkọ Maracana, pápá ńlá ilẹ̀ Brazil, pe pápá tiwa, a kò sì tijú. Ibí ni Samson Siasia ti dàgbà. Ibí ni wọ́n bí Odion Ighalo sí, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ọdún 2019. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi rán an lọ sí òkè òkun mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun lè gbé òun dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá lé ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀ kò lé e kúrò níbi ìṣeré lásán. Ó ti ilẹ̀kùn kan mọ́ ọn.

Mo fẹ́ kí á ṣe òótọ́ sí àwọn tó ń gbàdúrà náà. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe wọ́n. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fi owó ara rẹ̀ ra omi fún ọmọ ogún, tó ń bẹ òbí pé kí wọ́n má fi ọmọ ṣọ́ ìsọ̀ ní ọjọ́ eré, ọmọlúàbí ni. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọmọ. Àdúrà a máa mú ọkàn wọn balẹ̀. Ẹsẹ̀ lè ṣẹ́. Àdúrà ni pé kí ó má ṣẹ́. Àwa náà, kí a tó rìnrìn àjò, kí a tó dáwọ́ lé ohunkóhun, àgbà a wúre, a ó sì ṣe àṣẹ. A kò lè sọ pé àdúrà kò dára nítorí pé kì í ṣe àwa ni a gbà á.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí àwọn baba wa mọ̀. Bí olórí ilé bá wúre fún ọmọ ilé, ọmọ ilé ni gbogbo wọn; orírun kan náà ni wọ́n ń ké pè. Pápá kì í ṣe agbo ilé. Ilé mẹ́tàdínlógún ló lè kó ọmọ wá síbẹ̀. Àwọn òbí fi ọmọ lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́wọ́ kí ó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù. Wọn kò fi orí ọmọ lé e lọ́wọ́. Ẹni tó ń yan ọmọ 11 tí yóò wọ pápá ní agbára tí ó tóbi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní "Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà," ọmọ kò gbọ́ ọ bí ẹ̀bẹ̀. Àṣẹ ló gbọ́.

Òfin ilẹ̀ wa náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Abala 38 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn. Apá kejì abala náà sọ pé, ní ibi ẹ̀kọ́, a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kópa nínú ìjọsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí èyí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ ni ọmọ rẹ wà, òfin náà ṣe kedere. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ àdúgbò, apá kìíní ni a ó gbé lé: òmìnira ọkàn kò dúró sí ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́.

Oṣù Kẹfà ọdún 2022 kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ lórí èyí. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ẹ̀tọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó. Ní ọjọ́ 23, agbẹjọ́rò Malcolm Omoirhobo wọ ilé ẹjọ́ kan náà pẹ̀lú aṣọ olórìṣà lórí aṣọ agbẹjọ́rò rẹ̀, ìyẹ́ lórí, ẹsẹ̀ lásán, ó ní bí ẹ̀tọ́ bá wà fún ẹnì kan, ó wà fún olólókun náà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan, Joseph Kennedy, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Bremerton ní ìpínlẹ̀ Washington, ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà ní àárín pápá lẹ́yìn eré. Adájọ́ mẹ́fà ní àdúrà ara rẹ̀ ló ń gbà, pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Adájọ́ mẹ́ta kò gbà. Wọ́n ní ọmọ tó bá rí ọ̀gá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe bí òun bá fẹ́ kí wọ́n yan òun. Bẹ́ẹ̀ ni ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ Texas, pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbàdúrà fún gbogbo èrò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó ń jà níbẹ̀ kò jà lórí bóyá ènìyàn lè gbàdúrà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹni tí kò fẹ́ gbà á lè yẹra láìpàdánù ohunkóhun. Òṣùwọ̀n nìyẹn. Òṣùwọ̀n náà ni mo bá yín mú wálé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ilé tiwa. Bí a bá ń nàka sí ẹlòmíràn, mélòó ló kọjú sí wa? Ní oṣù Kejì ọdún 2000, ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè níbí, Senegal ń na Nàìjíríà. Òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù wa kan sáré wọlé, ó sì mú ohun kan tí wọ́n pè ní oògùn kúrò níbi àwọ̀n wọn. Nàìjíríà padà borí pẹ̀lú 2 sí 1, ìtàn oògùn yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ṣì ń sọ títí dòní. Ní ọdún 2002, ní Bamako, ọlọ́pàá mú Thomas Nkono, tó ń kọ́ àwọn aṣọ́lé Cameroon, wọ́n ní ó ju oògùn sórí pápá. A lè sọ pé ìrẹ́jẹ wà níbẹ̀, nítorí kò sí ọlọ́pàá tó mú ẹni tó kúnlẹ̀ sórí pápá rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan láàárín wa ń ta ìgbàdí fún ọmọdé, wọ́n ń sọ fún un pé yóò dá ẹsẹ̀ ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ń ṣe èyí ló ń fún àwọn ọmọ yẹn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọmọ wa ní ọmọ aboògùn. Kí Orí ọmọ gbè é, ìwúre nìyẹn. Kí ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn rọ, ìkà ni. Ìwà lẹ̀sìn.

Mo tún mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń sọ lẹ́yìn. Wọ́n ní ìjọba Èkó ti fún wa ní ìsinmi Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe ní ọdún 2023, pé ojú ti là, pé kí á gba àkókò tiwa: bí pásítọ̀ bá gbàdúrà, bí ààfáà bá ṣe é, kí babaláwo náà wọ agbo, kí ó ta omi sílẹ̀, kí gbogbo ọmọ ṣe àṣẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtara wọn, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ìyá Aladúrà tí yóò dúró láàárín agbo lọ́jọ́ yẹn, tí kò ní fẹ́ ṣe àṣẹ, kí ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ nílé? Ìbéèrè kan náà tí ọmọ wa bi mí ni yóò bi í. Ohun tí a kò fẹ́ kí wọ́n ṣe sí ọmọ wa, ẹ má jẹ́ kí á ṣe é sí ọmọ ọlọ́mọ.

Kí ni kí á ṣe nígbà náà? Mo ní ohun mẹ́rin.

Èkíní, ilé ni kí á ti wúre fún ọmọ. Kí ó tó gbé bàtà rẹ̀ jáde, kí bàbá tàbí ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. Ọmọ tó ti gba ìre nílé kò ní wá a kiri ní pápá.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ìde. Òfin bọ́ọ̀lù kò gba ohun ọ̀ṣọ́ kankan lára agbábọ́ọ̀lù: ẹ̀gbà, òrùka, àgbélébùú, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ kúrò. Bí rẹfirí bá ní kí ọmọ bọ́ ìde, kí ó bọ́ ọ, kí ó fún òbí rẹ̀ dání. Kì í ṣe inúnibíni. Inúnibíni ni bí wọ́n bá ní kí ó jù ú nù, tàbí bí àgbélébùú bá dúró tí ìde sì lọ.

Ẹ̀kẹta, kí òbí lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá kí ọjọ́ eré tó pé, kì í ṣe lójú àwọn ọmọ, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo. Ẹ sọ fún un pé: "Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ wa. Ilé onísẹ̀ṣe ni ọmọ yìí ti wá. A kò ní kí ẹ má gbàdúrà. A bẹ̀ yín ni, bí ó bá dákẹ́, ẹ má kà á sí i lọ́rùn." Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé àwọn ń ni ọmọ lára, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún wọn rí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bá wọn dá a lábàá pé kí agbo náà dúró, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ agbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kí wọ́n di ara wọn léjìká mú, kí olúkúlùkù fi ọkàn ké pe Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn parí rẹ̀ ní ohùn kan. Ìbẹ̀rù yóò lọ, ìṣọ̀kan yóò wà, kò sì sí ọmọ tí yóò purọ́ pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Bí ọmọ kan bá sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé, tó kúnlẹ̀ tàbí tó gbọ́wọ́ sókè, ẹ jẹ́ kí ó ṣe é. Nígbà tí Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bulgaria ní ọdún 1994, tó gbá àwọ̀n mú tó ń ké, kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tó dúró bi í pé ta ni ó ń ké pè. Ó ti wọlé, gbogbo wa la fò sókè.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo pe ọmọ àbúrò mi. Mo sọ fún un pé: "Bí o bá dákẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, o kò ṣẹ̀ wọ́n. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́ tí o sì ṣe àmín, o kò ṣẹ̀ mí. Àgbà tó jẹ́ kí ọmọ ọdún 14 nìkan dá gbé irú ẹrù yìí ló ṣẹ̀." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi àti ìyá rẹ̀ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá náà. A jókòó, a sọ̀rọ̀. Kò rọrùn, ìjókòó kan kò sì tó o. Ọmọ náà ti padà sínú eré. Agbo náà ṣì wà, àdúrà náà ṣì wà, ṣùgbọ́n wọn kò bi ẹni tó dákẹ́ ní ìbéèrè mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyókù wà lọ́wọ́ gbogbo wa.

Kí Orí àwọn ọmọ wa má ta kò wọ́n. Kí ẹsẹ̀ wọn má ṣẹ́, kí ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n bá gbá náà má ṣẹ́. Kí wọ́n jáde nílé ní àlàáfíà, kí wọ́n padà wálé ní àlàáfíà. Àṣẹ.