Ọwọ́ Mùsùlùmí Lára Ṣọ́ọ̀ṣì àti Ààfin Ìlú Seville

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi ìmọ̀ kẹ́ ọmọ ènìyàn. Ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹni tí ó bá dé ìlú Seville ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì yóò rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní ìlànà Gothic: òpó gíga, fèrèsé dígí aláràbarà, ẹnu ọ̀nà tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n ilé gíga tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà wà nínú rẹ̀, Mùsùlùmí ni ó kọ́ ọ. Ní 1184 ni àwọn Almohad bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1198, kí ladani lè máa pe ìrun láti òkè rẹ̀. Ọba Ferdinand Kẹta gba ìlú náà ní 1248, mọ́ṣáláṣí sì di ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1401, àwọn aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì pinnu láti kọ́ tuntun sí ààyè rẹ̀. Wọ́n wó mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n wọ́n dá ilé ìpèrun sí. Wọ́n fi ilé agogo lé e lórí, èyí tí ó parí ní 1568.

Ẹ tún wo ààfin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọba Alfonso Kẹwàá ti kọ́ ilé Gothic síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀, Ọba Pedro, fẹ́ kọ́ tirẹ̀ ní 1364, àwọn oníṣẹ́ ọnà láti Seville, Toledo àti Granada ni ó lò, tí wọ́n fi táìlì, pákó àti ẹfun fínfín dárà sí i ní ìlànà Mùsùlùmí. Iwájú ilé ọba Nàsárà yìí gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí ní èdè Lárúbáwá pé kò sí aṣẹ́gun kan àyàfi Ọlọ́hun.

Mudéjar ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí tí ó dúró lábẹ́ ìjọba Nàsárà. Wọ́n ti pàdánù ogun, wọ́n pàdánù ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ́gun wọn kò lè ṣe aláìwá ìmọ̀ wọn.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ ọnà nìkan tó gba ènìyàn là. Ní 1502, ìjọba Castile ní kí wọ́n gba ìrìbọmi tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Láàrin 1609 sí 1614, wọ́n lé àwọn ọmọ-ọmọ wọn kúrò ní Sípéènì. Àwọn ènìyàn lọ. Ògiri kù, ó ń jẹ́rìí.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ má ṣe gbọ́ ìtàn yìí kí ó máa fi yangàn. Ẹni tí ó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí kọ́ṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dé góńgó. Kí ni ọwọ́ ọ̀dọ́ òde òní mọ̀ ọ́n ṣe, tí ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀ pàápàá yóò fi wá a kàn?

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí jẹ́rìí rere fún wọn. Àmín.