Apòògùn àti Àwọn Alátọ̀gbẹ Ìlú Wa

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó lè mú ìlú wa tẹ̀ síwájú, ọ̀pọ̀ yín ti rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni olùkọ́ yóò sọ. Ẹ̀kọ́ náà ni mo mú wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni a ó ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àrùn àtọ̀gbẹ, àti iṣẹ́ tí apòògùn lè ṣe ní ilé ìwòsàn wa fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó dókítà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá tí a ń bá jà. Oúnjẹ tí a ń jẹ, ìbáà ṣe àmàlà, ẹ̀bà tàbí ìrẹsì, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn agbẹ̀du tí ó ń sun omi tí a ń pè ní ínsúlínì. Omi yìí ni ó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kí ó lè wọ inú ẹran ara, kí ó sì di agbára. Bí omi náà kò bá sun tó, tàbí bí ara kò bá gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà yóò kún inú ẹ̀jẹ̀, yóò sì máa bá ìtọ̀ jáde. Òùngbẹ yóò máa gbẹ aláìsàn, yóò máa dìde tọ̀ lóru, yóò sì máa rù. Ẹlòmíràn kò ní mọ ohunkóhun fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí àrùn náà ti ń ba ojú, kíndìnrín, ọkàn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kó oríṣiríṣi ìwádìí Nàìjíríà jọ ní ọdún 2018 rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ènìyàn 6 nínú 100 tí ó ní àrùn yìí.

Àtọ̀gbẹ kò rí bí ibà tí a ń wò fún ọjọ́ mẹ́ta kí a sì gbàgbé. Dókítà lè rí aláìsàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Gbogbo ọjọ́ yòókù, aláìsàn nìkan ni ó ń bá àrùn náà gbé. Inú àlàfo yìí ni ìpalára ti ń wọlé. Ìyá aláta kan wà ní àdúgbò mi tí a ní kí ó máa lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nígbà tí ara tù ú, ó ní òun ti sàn, ó sì sọ owó oògùn di owó ọjà. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè. Egbò kékeré tí bàtà dá sí i lẹ́sẹ̀ kò dùn ún, nítorí àrùn náà ti pa iṣan tí ó ń gbé ìrora wá. Nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, gígé ni ó kù. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dé ọjà mọ́. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ẹ̀yin ará mi, àwọn ẹlòmíràn ti rí irú ìṣòro yìí ṣáájú wa. Ní Amẹ́ríkà, dókítà méjì, Jack Geiger àti Count Gibson, dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àwọn aláìní ní Columbia Point ní Boston ní ọdún 1965. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní Mound Bayou ní Mississippi, ìlú tí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó ní ọdún 1887. Níbẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i pé ebi ni ó ń ṣe àwọn ọmọ tí a ń gbé wá, wọ́n ń kọ oúnjẹ sínú ìwé oògùn, wọ́n sì ń fi owó yàrá oògùn san án. Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ilẹ̀ náà. Bí agbára ẹni ti mọ ni ènìyàn ń san owó níbẹ̀, òfin ọdún 1992 sì mú kí wọ́n máa ra oògùn ní ẹ̀dínwó. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, apòògùn ń jókòó ti alátọ̀gbẹ, ó sì ń fi kún oògùn tàbí ó ń dín in kù gẹ́gẹ́ bí àdéhùn tí òun àti dókítà jọ kọ sílẹ̀.

Ṣé iṣẹ́ náà ń so èso? Ní ìlú Asheville, ní North Carolina, ìjọba ìlú àti ilé ìwòsàn ńlá kan ní kí àwọn apòògùn àdúgbò máa rí àwọn òṣìṣẹ́ wọn tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ déédéé, wọ́n sì san owó iṣẹ́ náà. Nígbà tí a tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2003, a rí i pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ju ìdajì wọn lọ ti dára sí i. Owó oògùn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú yòókù dín kù jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi dín ní dọ́là 1,200 sí 1,872 lórí ẹnìkan lọ́dún. Àwọn wọ̀nyí níṣẹ́ lọ́wọ́ o. Bí ó bá wúlò fún wọn, mélòómélòó ni ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ rárá.

Kí ni apòògùn yóò ṣe fún wa?

Èkíní, yóò yẹ gbogbo oògùn aláìsàn wò, títí kan àgbo tí ó rà lọ́jà, nítorí òmíràn lè bá oògùn òyìnbó pàdé kí ṣúgà sì wálẹ̀ jù.

Èkejì, yóò kọ́ ọ bí a ti ń gún ínsúlínì àti bí a ti ń pa á mọ́. Níbi tí kò bá sí fìríìjì, a lè fi ìgò tí a ti ṣí sínú ìkòkò amọ̀ tí a gbé sínú iyanrìn tútù, bí àwọn ìyá wa ti ń fi àmù mú omi tutù, láìjẹ́ kí omi kan ìgò náà. Kò tó fìríìjì, ṣùgbọ́n ó sàn ju orí pẹpẹ yàrá gbígbóná lọ.

Ẹ̀kẹta, yóò kọ́ àwọn ará ilé pé bí alátọ̀gbẹ bá ń gbọ̀n, tí ó ń làágùn, tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kí wọ́n fún un ní hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin bí ó bá lè gbé e mì, kí wọ́n sì tún yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Ẹ̀kẹrin, yóò máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, yóò máa wọn ìfúnpá rẹ̀, yóò sì tètè darí rẹ̀ sí dókítà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé kẹ́míìsì ṣáà wà lọ́jà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ń ta oògùn kọ́ ni apòògùn. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ láti ta oògùn ibà àti ti orí fífọ́, wọn kò sì kọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ fi owó ọdún yìí tún ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú kọ́. Ẹnu ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀ kì í fi ìdùnnú gba ibẹ̀ kọjá. Mo bẹ̀ yín kí a fi ìdajì owó náà gba apòògùn tí yóò máa wá sí ilé ìwòsàn wa lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kí a sì fi ìyókù dá owó oògùn sílẹ̀: kí a rà á lọ́pọ̀, kí a tà á ní iye tí a rà á, kí owó náà tún padà ra òmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ apòògùn ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ má ṣe kó oògùn tí ó ṣẹ́kù nílé yín ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tí ẹ bá wálé ọdún, ẹ fún ilé ìwòsàn wa ní ọjọ́ kan péré, kí ẹ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa ní ohun tí ẹ mọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí òùngbẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kí Alàgà fi àbá yìí síwájú ìpàdé kí a tó túká. Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o.