Ìdọ̀tí Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé bá ti ń mọ́, kò sí àdúgbò kan ní Ìbàdàn tí a kò ní rí ẹni tí ó ń fọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Yóò fọ ara rẹ̀, yóò nu gíláàsì, yóò fi aṣọ rírọ̀ pa á títí yóò fi máa dán. Àwọn tí ó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárín wọn kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Epo tí ó ń jò díẹ̀díẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì a máa gba eruku mọ́ra, ìgbóná a sì sè é mọ́ irin títí yóò fi le bí ọ̀dà.

Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni fífọ ẹ́ńjìnnì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Volkswagen tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí igbá ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, kò ní rádíétọ̀ rárá. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ sí àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó ń mú un tutù. Bí epo àti eruku bá dí àárín irin wọ̀nyí, atẹ́gùn kò ní ráyè kọjá, ẹ́ńjìnnì yóò sì gbóná kọjá ààlà. Ní ti ọkọ̀ tí ó ń lo omi, ìdọ̀tí a máa bo ojú ibi tí epo ti ń jò. Mẹkáníìkì tí kò rí ojú egbò, kí ni yóò fi oògùn sí?

Ohun tí ó léwu jù ni fífi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Àwọn awakọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó tètè ń ṣí gírísì, kò sì jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ń rú jáde lára bẹntiróòlù ni ó ń gbiná. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ju èyí tí à ń mí lọ. Ilẹ̀ ni ó ń wọ́ gbà, ó sì lè wọ́ dé ìdí ààrò tí ìyá kan ti ń dín àkàrà. Iná kékeré tí ó bá ta lórí bátìrì tó láti ràn án. Kẹrosíìnì gidi sàn díẹ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 Celsius kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó lè gbiná. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé gbóná ju èyí lọ fíìfíì, ta ni ó sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tí ó ta kẹrosíìnì náà kò da bẹntiróòlù mọ́ ọn? Ọṣẹ olómi tí a pò mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí yóò ṣe é nílé yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ó sì tú wáyà bátìrì, èyí tí ó ní àmì ìyọkúrò ṣáájú. Yóò fi ọ̀rá di ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, dìsìtìríbútọ̀ àti ọ́tánétọ̀. Igi pẹlẹbẹ ni yóò fi ha ibi tí ó dì, kí ó tó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Omi díẹ̀díẹ̀ ni yóò fi ṣàn án. Ọkọ̀ òde òní tí ó ní kọ̀ǹpútà kò fẹ́ omi tí a fi agbára tú sí i lára rárá.

Omi ìdọ̀tí náà kò gbọdọ̀ ṣàn lọ sí ẹ̀bá kànga. Iyanrìn ni kí ó fi fà á mu, kí ó sì kó o dànù síbi tí ó jìnnà sí omi mímu.

Nígbà tí ohun gbogbo bá gbẹ, tí ó sì ti dá wáyà bátìrì padà, kí ó wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ méjì, kí ó tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ibi tí epo tuntun bá ti yọ ni àìsàn wà. Àwọn tí ń ta ọkọ̀ àlòkù mọ èyí dáadáa, ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń fọ ẹ́ńjìnnì wọn títí yóò fi máa dán lójú ẹni tí ó fẹ́ rà á. Ẹni tí ó gbọ́n láàárín àwọn oníbàárà a máa ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wà á jìnnà, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún un ṣí.