Ohùn Ìpè Tí A Ó Dá Mọ̀ Lójú Oorun

Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì inú ìgbìmọ̀ ètò ìlera sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Dublin

Àwa nọ́ọ̀sì tí a kọ́ iṣẹ́ nílé kí a tó ré òkun wá síbí, tí ẹgbẹ́ yọ̀ǹda tábìlì kan fún lẹ́yìn gbọ̀ngàn láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ni alága ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yín ti rò pé ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti àtọ̀gbẹ ni a ó tún gbé dé. Ti òní kọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tán nídìí tábìlì yẹn, púpọ̀ nínú wọn a tún na fóònù sí wa: “Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, kì í dún mọ́.” Àwa kì í ṣe oníṣẹ́ fóònù, ṣùgbọ́n a mọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ìyá wà ní Abẹ́òkúta, bàbá wà ní Òṣogbo, ọmọ wà ní ilé-ìwé ní Tallaght, ẹ̀rù sì ń bani pé ìpè tó ṣe kókó lè kọjá lọ láìdún.

Ẹ wo irú ayé tí a ń gbé níbí. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ṣiṣẹ́ òru, ní ilé ìwòsàn, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, nínú takisí, ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí a ń ṣọ́. Ọ̀sán ni a ń sùn. Kí oorun tó lè kunjú, a ó pa ohùn fóònù, nítorí gbogbo ayé ló ń pè: ẹni tó gbé ẹrù wá, ẹni tó ń ta iná mànàmáná, àwọn gbájúẹ̀, àti ẹgbẹ́ WhatsApp mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a kò rántí ẹni tó fi wá sí i. Nígbà tí a bá pa á fún gbogbo wọn, a ti pa á fún ìyá wa náà nìyẹn.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan tí àwa mọ̀. Rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá rẹ̀ nílé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Wọ́n gbé bàbá dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí wọ́n mú owó wá kí wọ́n tó yàwòrán orí. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ pè é léraléra. Ó ti bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ òru, fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí, kò dún. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló jí. Bàbá yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò padà bọ̀ sípò. A kò ní í sọ fún yín pé ìpè yẹn ni ì bá gba ọwọ́ náà là. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a lè sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ, oògùn tó ń tú u ká kò wúlò fún èèyàn púpọ̀ mọ́ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Ọmọ náà kò fi ohunkóhun ṣe àìbìkítà. Fóònù rẹ̀ ni kò mọ̀ pé ìpè kan yàtọ̀ sí òmíràn.

Iṣẹ́ tí ohùn ìpè àkànṣe ń ṣe nìyẹn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ringtone. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé fáàrí lásán ni. Ní ti àwa, ohun tí a fẹ́ ni fóònù tí yóò dákẹ́ fún gbogbo ayé, tí yóò sì ké fún ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún péré.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí àwọn èèyàn wa ń pa wọ́n pọ̀. Caller tune ni orin tí ẹni tó ń pè yín ń gbọ́ létí tirẹ̀ kí ẹ tó gbé e; ilé iṣẹ́ fóònù ni Nàìjíríà ló ń tà á, owó ni wọ́n sì ń yọ lórí rẹ̀. Ohùn ìpè ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbọ́, inú fóònù yín ló wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Nígbà kan, owó ni. Àwọn ará Finland ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohùn ìpè lórí fóònù ní 1998, ó sì di òwò ńlá káàkiri ayé. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ní 2005 yóò rántí Crazy Frog, ọ̀pọ̀lọ́ aláriwo tó gba orí tẹlifíṣọ̀n kan. Ọmọdé a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti gba ohùn kan ṣoṣo, owó a sì máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òbí kò ní í mọ̀. Òwò yẹn ti rọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé nọ́mbà kúkurú kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 57 ń yọ owó nínú fóònù ọmọ yín, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí nọ́mbà náà, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ fóònù yín.

Ó yá, ẹ gbé fóònù yín jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ní Samsung, Tecno tàbí fóònù Android mìíràn, ẹ wá orúkọ ẹni náà nínú Contacts, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ ààmì mẹ́ta tó tò léra wọn lókè, ẹ ó rí Set ringtone. Lórí àwọn Samsung kan, inú Edit ló wà, ẹ ó sì tẹ View more kí ó tó yọjú. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orí káàdì SIM ni orúkọ náà wà. Káàdì SIM kò gbà ju orúkọ àti nọ́mbà lọ, kò ní àyè fún ohùn. Ẹ gbé orúkọ náà kúrò lórí SIM sínú fóònù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìdí tó pọ̀ jù lọ nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi ń sọ pé “temi kò ní in”, nítorí káàdì kan náà ni wọ́n ń gbé láti inú fóònù kan bọ́ sí òmíràn láti ọdún pípẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ààmì ìràwọ̀ sí orúkọ yẹn. Ẹ lọ sínú Settings, níbi Do Not Disturb, kí ẹ yàn án pé kí ìpè àwọn tó ní ìràwọ̀ máa wọlé. Ẹ tún wò ó bóyá Repeat callers wà ní títàn: bí ẹnì kan bá pè lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìpè kejì yóò dún. Ẹ sọ èyí fún wọn nílé, pé bí nǹkan bá le, kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Ẹ̀yin oní-iPhone, ti yín rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ṣí orúkọ náà, ẹ tẹ Edit, ẹ tẹ Ringtone. Lókè pátápátá ẹ ó rí Emergency Bypass. Ẹ tàn án. Láti 2016 ló ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ti tàn án, ìpè ẹni yẹn yóò dún bí ẹ tilẹ̀ pa ohùn fóònù, àní bí Do Not Disturb tilẹ̀ wà lórí. Ẹ má fi sí orúkọ ogún èèyàn o, nítorí ẹ ó tún padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ohùn wo ni kí ẹ yàn? Èyí tí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì. Etí àgbà a kọ́kọ́ máa pàdánù ohùn tó ga tó tín-ín-rín. Bí fóònù ìyá yín bá ń han bí ẹyẹ, ó lè wà lórí tábìlì kí ó máà gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ohùn ìsàlẹ̀ tó wúwo, irú ti ìyá ìlù, kì í jáde dáadáa lẹ́nu fóònù, torí pé gbohùngbohùn inú rẹ̀ kéré. Ohùn àárín ló dára: gángan, tàbí ohùn èèyàn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ẹ má yan ohùn tó jọ ti ẹ̀rọ tí ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Etí wa ti gbọ́ irú rẹ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́, ó ti di ohun tí a ń gbọ́ tí a kì í dìde sí.

Ẹ ní kí ìyá yín fi ẹnu ara rẹ̀ pè yín lóríkì, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Tàbí kí ẹ bẹ onílù kan nílé kí ó fi gángan kì yín. Kò sí ohun tó lè jí Yorùbá lójú oorun tó bẹ́ẹ̀. Oríkì ni wọ́n fi ń jí wa láti kékeré. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹnu WhatsApp, nítorí irú fáìlì yẹn kì í sábà hàn nínú àkójọ ohùn ìpè. Ẹ ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ nínú fóònù ṣe é, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document. Lórí Android, inú àpò tí wọ́n ń pè ní Ringtones ni kí ẹ gbé e sí. Lórí iPhone tó ti gba iOS 26, èyí tó jáde ní 2025, ẹ ṣí i nínú Files, ẹ tẹ Share, ẹ ó rí Use as Ringtone, bí kò bá ti gùn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá. Lórí àwọn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, GarageBand ni a ń gbà ṣe é. Ìyẹn gùn díẹ̀, a ó fi han ẹni tó bá fẹ́ nídìí tábìlì.

Bí ó bá jẹ́ orin ni ẹ fẹ́, ẹ gé orí rẹ̀ kúrò. Ẹni tó mọ àwo Sunny Adé mọ̀ pé gìtá lè sọ̀rọ̀ títí kí ẹnu tó là, ìpè yín yóò sì ti já kí ó tó dé ibi tí ẹ fẹ́ràn.

Wàyí o, “mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò dún.” Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohùn orin ni ẹ gbé sókè dípò ohùn ìpè, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ẹ wo Bluetooth: ìpè lè máa dún nínú ohun àfetígbọ́ tó wà nínú báàgì. Bí ohùn bá kọ́kọ́ ké tó sì rẹlẹ̀ ní kété tí ẹ wo ojú fóònù, iPhone yín ló mọ̀ pé ẹ ti rí i. Attention Aware Features ni ẹ ó pa. Bí ohùn àkànṣe bá pòórá tí ti àtijọ́ padà dé, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti pa fáìlì orin náà rẹ́, tàbí kí ẹ ti yọ mẹ́mọ́rì káàdì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ wo nọ́mbà náà pẹ̀lú: 080 tí ẹ kọ sílẹ̀ lè má bá +23480 tó ń wọlé mu. Ẹ kọ +234, kí ẹ yọ òdo iwájú kúrò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní nọ́mbà mẹ́ta, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ orúkọ kan.

WhatsApp ni ó ń dá ọ̀pọ̀ wa láàmú, nítorí ibẹ̀ ni ilé ti ń pè jù. Lórí Android, ohùn tí ẹ yàn nínú Contacts kò kan WhatsApp. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń bá ẹni náà sọ̀rọ̀, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, ẹ wọ inú Notifications, ẹ ó rí ibi ohùn ìpè. Lórí iPhone, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan tiwa: ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹnì kan pè yín lórí WhatsApp, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú kì í ṣe ti WhatsApp, ìpè gidi ni kí wọ́n fi pè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ni ẹ ó pè padà.

Ó ku ìkan, ó sì kan ìlera yín tààrà. Àwọn ilé ìwòsàn níbí máa ń pè láti nọ́mbà tí kò hàn, No Caller ID tàbí Private number. Bí ẹ bá ti tan ohun tó ń pa ìpè àwọn àjèjì lẹ́nu mọ́, èyí tí iPhone tí kò tíì gba iOS 26 ń pè ní Silence Unknown Callers, ìpè dókítà tí ẹ ti ń dúró dè láti oṣù mẹ́fà yóò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kò sí ohùn àkànṣe tí a lè fún nọ́mbà tí kò hàn. Bí ẹ bá ń retí ìpè ilé ìwòsàn, ẹ pa ètò yẹn títí ìpè náà yóò fi dé.

A ó wà nídìí tábìlì lẹ́yìn ìpàdé. Ẹni tó ní iPhone, kí ó rántí ọ̀rọ̀ aṣínà Apple rẹ̀, torí a kò lè bá a rántí. Kí olúkúlùkù sì ti mọ orúkọ àwọn ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún tirẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣètò rẹ̀ tán, a ó pa ohùn fóònù yín níwájú yín, ẹ ó sì ní kí ẹnì kan pè yín láti ilé. Ẹ fi í sọ́kàn pé nígbà òtútù, wákàtí kan ni aago Nàìjíríà fi ṣáájú tiwa; nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago kan náà ni. Kí wọ́n pe ẹ̀ẹ̀kan lórí ìlà gidi, ẹ̀ẹ̀kan lórí WhatsApp. Bí méjèèjì bá dún, ẹ lè lọ sùn.