Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n: Ọ̀rọ̀ Àdéhùn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Nínú Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé oko kòkó ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ rí ni yóò mọ ìṣòro tí í máa bá àgbẹ̀ fínra nígbà tí oko bá ti gbó. Igi tí ó ti ń so láti bí ọgbọ̀n ọdún ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Èso rẹ̀ ni a fi rán ọmọ ní ilé-ìwé, òun náà ni a fi kọ́ ilé. Bí àgbẹ̀ bá gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò jókòó fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn tó so. Bí ó bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí oore àná, oko yóò kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí ó mòye fi máa ń gbin ọmọ kòkó sí abẹ́ àgbà igi, tí yóò sì máa gé àgbà igi díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ bá ti ń dàgbà.

Irú ìṣòro yìí gan-an ni ó máa ń wà níwájú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìparí ọdún ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ta ni kí wọ́n mú dání? Ta ni kí wọ́n jọ̀wọ́? Ẹni tí wọ́n bá sì mú dání, ọdún mélòó ni kí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn rẹ̀?

Èrò ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ó bá ti ṣe ẹgbẹ́ ní oore kò yẹ ní yíyọ nípò títí tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé ó tó. Àwọn mìíràn sì gbà pé pápá bọ́ọ̀lù kò mọ oore àná. Wọ́n ní kí a máa fi ọdún kan ọdún kan lo ènìyàn, kí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ní kété tí ó bá kọsẹ̀. Òdodo wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè dá gbé ẹgbẹ́ ró fún ìgbà pípẹ́.

Kí ni ìwé àdéhùn jẹ́? Ìlérí ni, ó sì ní ojú méjì. Ẹgbẹ́ ṣe ìlérí owó. Agbábọ́ọ̀lù ṣe ìlérí agbára àti ìmọ̀ rẹ̀. Bí ọdún inú ìwé bá pọ̀, ọkàn agbábọ́ọ̀lù a balẹ̀, nítorí bí ó bá tilẹ̀ fi orúnkún ṣèṣe, owó oṣù rẹ̀ kò ní torí èyí dáwọ́ dúró. Ẹgbẹ́ náà ní èrè tirẹ̀: ẹlòmíràn kò lè wá mú ẹni náà lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí agbára ẹni náà bá lọ sílẹ̀ ní ọdún kejì nínú àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún, gbèsè ni ọdún mẹ́ta tí ó kù yóò jẹ́ sí ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ ilé jù lọ ni ti ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn. Lábẹ́ àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà tí a mọ̀ sí WNDC ni ẹgbẹ́ náà wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di IICC. Owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé àjọ náà dúró, nítorí náà òógùn àgbẹ̀ Ifẹ̀ wà nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà. Láti 1976 títí di 1991 tí a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Ilé-Ifẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ wọn ni Shooting Stars ń ṣe.

Ní 1976, ẹgbẹ́ náà fi ẹ̀yìn Tonnerre ti Yaoundé balẹ̀, ó sì gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí ó gba ife ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òun ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ní 22 oṣù kẹta 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Èkó láti gba ife àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì sáwọ̀n, Mudà Lawal sì gbá ẹyọ kan. Shooting Stars ni àwọn méjèèjì ti wá. Ọdẹ́gbàmí kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pọ́lì Ìbàdàn. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Lawal ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dé ojú ayé.

Ní ayé ìgbà náà, kì í ṣe ìwé àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó so irú wọn mọ́ ẹgbẹ́. Iṣẹ́, owó oṣù àti ìfẹ́ ìlú ni. Ọdún 1990 ni líìgì àwọn tí ó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ètò àtijọ́ yẹn ní àǹfààní: Ọdẹ́gbàmí kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lọ sí òmíràn ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi gbá bọ́ọ̀lù. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ọjọ́ kan pàtó nínú ìwé tí ó ń fi ipá mú àwọn aláṣẹ láti jókòó, kí wọ́n bi ara wọn pé, “Ọdún mélòó ni ó kù lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yìí? Ta ni ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀?”

Ní 1984, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n ní 2 sí 0 ní Cairo, ó sì tún nà wọ́n ní 1 sí 0 ní Èkó. Ìbànújẹ́ náà pọ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ wo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọdẹ́gbàmí ti pé ọdún 32. Ní ọdún náà ni ó dáwọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá dúró. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láti 1982, tí kò ju ọdún 21 lọ, Rashidi Yekini. Ní 1984 kan náà ni ó bọ́ sí ẹgbẹ́ Abiola Babes ní Abẹ́òkúta. Abiola Babes gba ife ẹ̀yẹ Nàìjíríà ní 1985 àti 1987. Yekini ti ibẹ̀ lọ sí Abidjan, lẹ́yìn náà ó lọ sí Vitória Setúbal ní ilẹ̀ Potogí, níbi tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù 21 sáwọ̀n ní líìgì 1993 sí 1994, tí kò sí ẹni tí ó jù ú. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba oyè agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, ní 1993. Òun ni ó sì gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje ife àgbáyé, ní 1994.

Ìbínú kò da nǹkan fún ni. Ẹni tí ó tú ẹgbẹ́ ká nítorí pé àgbà ti ń rẹ̀, igi àti ọmọ igi ni ó gé pọ̀. Bí a bá ń wá ẹni tí àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún tọ́ sí ní 1984, Yekini ni, nítorí pé ọjọ́ iwájú rẹ̀ pọ̀ ju àná rẹ̀ lọ. Ọdún 1992 ni Shooting Stars tó tún gba ife mìíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà, lẹ́yìn tí ó ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Villa ti Uganda.

Bí a bá fẹ́ rí àṣìṣe ti ọ̀nà kejì, ìyẹn dídi àgbà mú jù, ẹ jẹ́ kí ojú kọjá òkun dé Amẹ́ríkà. Eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù, níbi tí a ti ń fi igi lu bọ́ọ̀lù kékeré. Títí di 1975, ẹgbẹ́ a máa so agbábọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ fún iye ọdún tí ó bá wù ú. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, onílàjà kan dájọ́ pé ẹni tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lómìnira láti lọ. Láti ìgbà náà ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń fi owó ńlá àti ọdún púpọ̀ du ènìyàn.

Albert Pujols gbá fún ẹgbẹ́ St. Louis fún ọdún 11, ó sì bá wọn gba ife àgbà ní 2006 àti 2011. Ní òpin 2011, ẹgbẹ́ Angels fún un ní àdéhùn ọlọ́dún mẹ́wàá, tí owó rẹ̀ tó 240 mílíọ̀nù dọ́là. Ó kù díẹ̀ kí ó pé ọdún 32. Agbára tí ó fi di olókìkí ní St. Louis kò bá a dé ibi tuntun náà ní kíkún; ní oṣù karùn-ún 2021, kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, ẹgbẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe fún ẹlòmíràn ni Angels fi owó ọ̀la tirẹ̀ san.

St. Louis tí ó jẹ́ kí ó lọ ńkọ́? Òfin eré náà fún wọn ní àyè láti mú ọ̀dọ́ kan gẹ́gẹ́ bí gbà-máà-bínú. Michael Wacha ni wọ́n fi àyè náà mú ní 2012. Ní 2013, ó wà lára àwọn tí ó gbé wọn padà dé àṣekágbá. Nígbà tí ó sì di 2022, wọ́n pe Pujols padà pẹ̀lú àdéhùn ọdún kan péré. Àgbà náà ṣe bẹbẹ ní ọdún ìkẹyìn yẹn, ó sì fi ọlá lọ sinmi. Ọdún kan ni ó kù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọdún kan náà ni wọ́n kọ fún un.

Ohun tí ó yẹ ní wíwọ̀n kí a tó kọ ọdún sínú ìwé kò ju mẹ́rin lọ: ọjọ́ orí ẹni náà àti ara rẹ̀; ipò tí ó ń gbá, nítorí pé aṣọ́lé máa ń pẹ́ ju ẹni tí í sáré ní ẹ̀gbẹ́ pápá lọ; ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lè rọ́pò rẹ̀; àti bóyá ẹgbẹ́ yóò lè san owó náà títí dé ọjọ́ ìkẹyìn. Òfin FIFA kò gba àdéhùn tí ó ju ọdún 5 lọ, àfi bí òfin orílẹ̀-èdè bá fàyè gbà á. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Òfin náà tún sọ pé ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọmọ dàgbà ní ìpín nínú owó rẹ̀ bí ó bá di olówó níbòmíràn. Nítorí náà, ọmọ kòkó inú oko kì í ṣe ìnáwó lásán.

Kókó kẹrin ni ó máa ń dun agbábọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà jù. Àdéhùn ọlọ́dún mẹ́rin tí a kò san owó oṣù rẹ̀ kì í ṣe àdéhùn. Láti 2018, òfin FIFA gba agbábọ́ọ̀lù tí a bá jẹ ní owó oṣù méjì láyè láti kọ̀wé fún ẹgbẹ́, kí ó sì kúrò bí ọjọ́ 15 bá kọjá tí wọn kò san án.

Oore àná ńkọ́? Ó yẹ kí a san án, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé àdéhùn tuntun ni a ti ń san án. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, owó ìfẹ̀yìntì, àti iṣẹ́ títọ́ àwọn ọmọdé sọ́nà ni ibi tí ó yẹ kí a ti san án. Àgbà tí a fún ní ọ̀wọ̀ báyìí kò ní máa di ipò mú nítorí ebi.

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ibi gbogbo lè dán ọ̀rọ̀ yìí wò láìná kọ́bọ̀. Olùkọ́ tí ó bá fi ọmọ kíláàsì àṣejáde nìkan kún ẹgbẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ lè gba ife lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ń bọ̀, gbogbo wọn yóò ti lọ, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ó kọ iye ọdún tí ó kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ ọmọ tí yóò rọ́pò rẹ̀ tẹ̀lé e. Ibi tí kò bá rí orúkọ kọ sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí yóò pẹ́.